Owó-Orí Sìgá Kò Tíì Dé Ibi Tí Ọmọdé Ti Ń Rà Á

Ọ̀dọ́langba tó fẹ́ tọ́ sìgá wò kì í ra odidi pákẹ́ẹ̀tì. Ẹyọ kan ló ń rà, nínú ṣéńjì tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan yìí ló yẹ ká fi wọn òfin owó-orí sìgá ní Nàìjíríà, ká lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àgbà tí sìgá ti di bárakú fún yóò wá owó rẹ̀ bó ti wù kó wọ́n tó, kódà kó yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ. Ọmọdé ò tíì débẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, sìgá ò sì tíì wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwádìí fi ń fi hàn léraléra pé bí sìgá bá wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ máa ń sá fún un ju àgbà lọ.

Ẹ wo South Africa. Lẹ́yìn tí ìjọba tuntun dé lọ́dún 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún owó-orí sìgá lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí láàrin àwọn ọmọ iléèwé lọ́dún 1999, 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fa sìgá. Nígbà tó fi máa di 2011, wọ́n ti dín kù sí bíi 17. Mi ò ní sọ pé owó-orí nìkan ló ṣe é, torí pé lọ́dún 1999 náà ni wọ́n ṣòfin tó de ìpolówó sìgá. Ṣùgbọ́n bí iye sìgá tí aráàlú ń fà ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ìjọba ń rí lára rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Tiwa ńkọ́? Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ bu náírà 1 lé ẹyọ sìgá kan, yàtọ̀ sí ìdá tí wọ́n ń gbà lórí iye ọjà náà. Ó di náírà 2 lọ́dún 2019. Lọ́dún 2022, náírà 4 àti 20 kọ́bọ̀ ni, 50 kọ́bọ̀ ni wọ́n sì ń fi kún un lọ́dọọdún títí tó fi di náírà 5 àti 20 kọ́bọ̀ lọ́dún 2024. Ta ló tún ń ná 50 kọ́bọ̀ ní Nàìjíríà? Àfikún ti 2024 yẹn kò ju nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó ọjà ti kọjá ìdá 30. Owó-orí náà ń gòkè nínú ìwé, ó sì ń fúyẹ́ lọ́jà. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò lọ́dún 2017 pé owó-orí ẹyọ kan kò gbọdọ̀ dín ní sẹ́ǹtì 2 owó dọ́là. Ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́dún 2024, ìyẹn súnmọ́ náírà 30. Tiwa lọ́dún náà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀.

Àwọn kan á ní bí owó-orí bá gòkè, sìgá fàyàwọ́ ló máa kún ọjà. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ẹnubodè Ìdí-Ìrókò àti Sẹ̀mẹ̀ kò ní jiyàn. Àmọ́ South Africa kan náà fi hàn wá pé ibi tí ọwọ́ òfin bá ti dẹ̀ ni fàyàwọ́ ti ń gbilẹ̀: ó burú sí i níbẹ̀ lẹ́yìn 2014, nígbà tí àjọ agbowó-orí wọn tú àwọn ẹ̀ka tó ń ṣọ́ irú òwò bẹ́ẹ̀ ká. Ẹ jẹ́ ká gbárùkù ti àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ká má fi àìlera wọn ṣe àwáwí. Àwọn mìíràn ń ro ti tálákà tó ń fa sìgá. Èmi náà ń rò ó, ọmọ rẹ̀ ni mo sì ń rò jù, torí ilé tálákà ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti ń sọni di onígbèsè. Ní ti àwọn àgbẹ̀ tábà Ìsẹ́yìn tí ọjà wọn lè dín kù, ó tọ́ kí wọ́n rí nínú owó-orí yìí gbà láti fi gbin nǹkan mìíràn.

Òfin tábà ti Nàìjíríà lọ́dún 2015 ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 18, wọn kò sì gbọdọ̀ tà á ní ẹyọ-ẹyọ. Bí ìkejì yìí nìkan bá tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni, ogún ẹyọ lẹ́ẹ̀kan náà ni ọmọ tó fẹ́ tọ́ sìgá wò ì bá máa wá owó rẹ̀. Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Ábújá, ẹ gbé owó-orí yìí dé ibi tí ECOWAS fi sí, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọ̀wọ́n gógó ọjà lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì rí i pé òfin tẹ́ ẹ fúnra yín ṣe kò kú sínú ìwé.