Ìdá Mélòó Nínú Kí Ni?

Kò sí irọ́ tí ó ń gbé agbádá ọ̀mọ̀wé wọ̀ láwùjọ wa lónìí tó irọ́ tí a bá fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún pa. Ẹni tí ó bá wí pé ọjà wọ́n yóò rí ẹni bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ó wí pé ọjà ti fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i, gbogbo wa a sì máa mirí bí alángbá. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè pé: ìdá ogójì nínú kí ni? Láti ìgbà wo? Bẹ́ẹ̀ ni ìdá tí a kò mọ odidi tí a ti bù ú kò yàtọ̀ sí àgbá òfìfo.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń kọ́ àṣà yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Super Eagles ti lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ní 1994, wọ́n borí nínú 2 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bákan náà ni ní 1998. Ní 2002 àti 2010, wọn kò borí ẹnikẹ́ni. Ní 2014, 1 nínú 4, ìdá 25. Ní 2018, 1 nínú 3, ìdá 33 àti díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti ṣe lápapọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yóò ro ìdá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, wọn yóò fi mẹ́fà pín in, wọn yóò sì rí nǹkan bí 26. Àṣìṣe ni. Ìdá tí a bù lára 3 kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a bù lára 4, bí ìdajì agbọ̀n ńlá kò ti jẹ́ ẹgbẹ́ ìdajì agbọ̀n kékeré. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 21 ni wọ́n gbá: wọ́n borí nínú 6, wọ́n ta ọ̀mì nínú 3, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 12. A ó sọ 6 di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, yóò di 600. A ó fi 21 pín in, yóò ku díẹ̀ kí ó pé 29. Kí ẹnikẹ́ni má wí fún mi pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín 26 àti 29. Ẹni tí ó bá gbójú fo mẹ́ta lórí pápá yóò gbójú fò ó nínú ìbò. (Ti agbábọ́ọ̀lù tí ó gba pẹnáritì ẹyọ kan péré wọlé, tí wọ́n wá ní kì í tàsé rárá, ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rín ni ó máa ń pa mí.)

Ṣùgbọ́n eré ni bọ́ọ̀lù. Ibi owó ni ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà tí owó orí ọjà, VAT, bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1994, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n gbé e sí 7.5. Ẹni tí kò fẹ́ kí ó ká wa lára yóò ní ìdá méjì ààbọ̀ péré ni wọ́n fi kún un. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tí ó ń san ₦50 lórí ọjà ₦1,000 wá ń san ₦75. ₦25 lórí ₦50, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Méjì ààbọ̀ jẹ́ òótọ́ bí a bá ń sọ ti iye ọjà. 50 jẹ́ òótọ́ bí a bá ń sọ ti owó orí. Olùgbèjà ìjọba a mú èyí tí ó kéré, alátakò a mú èyí tí ó tóbi, àwọn méjèèjì a sì gbé odidi náà pamọ́.

Àwọn baba wa kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Sọgúndogójì ni wọ́n ń pe ayánilówó tí èlé rẹ̀ burú. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: ó sọ iye tí a gbà, ó sì sọ iye tí a ó dá padà, kò sí ibi tí ẹlẹ́tàn lè sá sí nínú rẹ̀. Lónìí, ènìyàn yóò yá ₦100,000 "ní ìdá mẹ́wàá péré lóṣù", yóò sì máa dúpẹ́. Bí ó bá ń san èlé lóṣooṣù láìdín ojú owó kù, nígbà tí oṣù kẹwàá bá fi pé, èlé nìkan ti di ₦100,000, gbèsè sì wà níbẹ̀ digbí. Ogún ti di ogójì; orúkọ ni wọ́n yí padà.

Àwọn kan yóò ní ìṣirò òyìnbó ni èyí, pé kò bá Yorùbá lára mu. Ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan ni. Èdè tí ó yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta kí ó tó dárúkọ 45, tí ó sì ti yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta kí ó tó rí àádọ́ta fúnra rẹ̀, ta ni yóò kọ́ ọ ní ìṣirò? Ìyá tí kò ka ìwé kì í ṣi ìdámẹ́wàá rẹ̀ san ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alájọ tí ó ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, 1 nínú 31, ìdá 3 àti díẹ̀ ni ó ń gbà, gbogbo ẹni tí ó ń dá owó lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó sì mọ odidi tí ó ti bù ú.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn akọ̀ròyìn wa kò pọ̀. Bí wọ́n bá ní ìdá 29, kí wọ́n fi kún un pé ìgbà mẹ́fà nínú mọ́kànlélógún. Bí wọ́n bá ní ọjà fi ìdá ogójì wọ́n, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀ àti iye tí ó dé báyìí. Kò ní gbà ju ìmí ẹ̀ẹ̀kan lọ lórí rédíò.