Fọ́ọ̀jì ṣokoléètì tó ní ọtí nínú, àti àwo kejì tí kò ní

Bí wọ́n bá gbé àwo fọ́ọ̀jì méjì kalẹ̀ sórí tábìlì, ọ̀kan pẹ̀lú ọtí, èkejì láìsí ọtí, ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Méjèèjì dúdú, méjèèjì ń dán, méjèèjì sì ń ta sánsán. Nínú ilé Yorùbá, níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ ti lè jẹ́ Alhaji, tí àbúrò ìyàwó jẹ́ díákónì, tí ọmọ ọdún 4 sì ń sáré kiri lábẹ́ tábìlì, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ó yẹ kí alásè ti ro ìyẹn kó tó ṣí ìgò.

Fọ́ọ̀jì jẹ́ suwíìtì òyìnbó tí wọ́n máa ń gé ní igun mẹ́rin. Kò le bíi tọ́fì, kì í sì í lẹ̀ mọ́ eyín. Ẹni tó bá ti jẹ bàbá dúdú lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rí kò ní rí i bí àlejò pátápátá. Omi àgbọn àti ṣúgà ni wọ́n máa ń gbé kaná títí tí yóò fi pọ́n tí yóò sì ki láti fi ṣe bàbá dúdú. Ṣúgà, mílíìkì àti bọ́tà ni ti fọ́ọ̀jì.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sè é. Emelyn Hartridge, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Vassar College, kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé ìbátan ọ̀rẹ́ òun kan ń sè é ní Baltimore ní ọdún 1886, wọ́n sì ń tà á ní sẹ́ǹtì 40 fún pọ́n-ùn kan. Ó gba bí wọ́n ṣe ń sè é, nígbà tó sì di 1888, ó se pọ́n-ùn 30 fún títà nínú ilé ẹ̀kọ́ náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn fi ń se tiwọn.

Ọ̀nà àwọn ọmọbìnrin yẹn ń fẹ́ sùúrù. Alásè yóò se ṣúgà, mílíìkì àti ṣokoléètì títí ooru rẹ̀ yóò fi dé nǹkan bí 112 sí 115 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ṣíbí kàn án títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ìgbà náà ni yóò wá rò ó, rò ó, títí dídán ojú rẹ̀ yóò fi kúrò. Bó bá kánjú rò ó nígbà tó ṣì gbóná, ṣúgà á tún dì, fọ́ọ̀jì á sì dà bí iyanrìn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ló ti fi bẹ́ẹ̀ da ìkòkò odidi nù.

Mílíìkì inú agolo tí wọ́n kọ “sweetened condensed milk” sí lára ló mú iṣẹ́ náà rọrùn. Ilé iṣẹ́ ti bá alásè fa omi inú mílíìkì náà gbẹ, ṣúgà ti yọ́ sínú rẹ̀ pátápátá, nítorí náà kò sí ohun tí yóò dì padà. Ọ̀rá kòkó inú ṣokoléètì ló ń mú kí fọ́ọ̀jì yìí le nígbà tó bá tutù, kì í ṣe ṣúgà tí wọ́n sè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ alásè ní Nàìjíríà ti ń kọsẹ̀ nìyí: agolo tí a ń bu sí tíì láràárọ̀ kọ́ ni èyí. “Evaporated milk” ni ti inú tíì. Ó ṣàn, kò sì ní ṣúgà tó. Ẹni tó bá dà á sí ṣokoléètì yóò rí ọbẹ̀ ṣokoléètì, yóò gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ náà ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ ka ara agolo dáadáa ní ìsọ̀. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ lè po ó nílé: ife 1 mílíìkì ìyẹ̀fun, ìdá méjì nínú mẹ́ta ife ṣúgà, ìdá kan nínú mẹ́ta ife omi tó ń hó, àti bọ́tà ṣíbí ńlá 3. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú bíléńdà títí ṣúgà yóò fi yọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù kó lè ki. Ìyẹn tó dípò agolo kan. Bọ́tà ti wà nínú rẹ̀, ẹ má tún fi òmíràn sí i nígbà tí ẹ bá ń se fọ́ọ̀jì.

Ṣokoléètì ni owó wà. Kòkó tí wọ́n ká ní Ìdànrè tàbí Oǹdó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun, ó sì ń padà wá nínú bébà tó ń dán, ní iye tí àgbẹ̀ tó gbìn ín máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, iye páálí ṣokoléètì sì bá a lọ sókè. Ẹni tó bá ba 500 gíráàmù jẹ́ lórí iná lónìí, ó ti ba owó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí iná pọ̀ rárá.

Ohun tí àwo kan gbà nìyí: ṣokoléètì dúdú 500 gíráàmù, mílíìkì inú agolo 1 tó jẹ́ 397 gíráàmù, bọ́tà 30 gíráàmù, àti iyọ̀ bíńtín. Ọtí tí ẹ ó fi sí i ni rọ́ọ̀mù tàbí búráńdì ṣíbí ńlá 2, tàbí Baileys ṣíbí ńlá 4. Ẹ gbé ọtí náà kúrò nínú fìríìjì ṣáájú, kó má tutù nini, torí ọtí tó tutù máa ń jẹ́ kí ṣokoléètì dì lójijì. Ẹ wá àwo kéèkì onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ tẹ́ bébà kéèkì sínú rẹ̀ kí etí bébà náà yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Etí yẹn ni ẹ ó dì mú láti fi yọ fọ́ọ̀jì.

Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ìkòkò, kó máa hó díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé abọ́ tó gba ooru lé ẹnu ìkòkò náà, kí ìdí abọ́ má kan omi. Ẹ run ṣokoléètì wẹ́wẹ́ sínú abọ́, ẹ da mílíìkì, bọ́tà àti iyọ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá yọ́ ṣokoléètì nìkan, ẹ̀kán omi kan péré tó bá ta sí i lè sọ ọ́ di kókó gbígbẹ. Mílíìkì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́. Kó tó yọ́ tán ni kí ẹ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ooru abọ́ parí ìyókù. Ẹ wá da ọtí sí i, ẹ rò ó kíákíá títí yóò fi dán lọ́kan. Ẹ dà á sínú àwo, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ojú rẹ̀, ẹ gbé e sínú fìríìjì fún wákàtí 3 tàbí 4. Ọ̀bẹ tí a ti bọ omi gbígbóná tí a sì nù gbẹ ló ń gé e láìfọ́. Ẹyọ 36 ló máa ń jáde nínú àwo kan.

Bí epo bá yọ sójú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń rò ó, iná ló pọ̀ jù. Ẹ má dà á nù. Ẹ fi mílíìkì gbígbóná ṣíbí ńlá 1 sí i, ẹ rò ó dáadáa, yóò sábà padà para pọ̀. Bí kò bá dì nínú fìríìjì, ọtí ni alásè bù jù. Ẹ yí i ní róbótó-róbótó sínú ìyẹ̀fun kòkó, kí ẹ gbé e fún àlejò, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ ẹ.

Àwọn kan máa ń sọ pé iná ti lé ọtí lọ. Nínú fọ́ọ̀jì yìí, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ọtí ń wọlé. Ìdíwọ̀n tí ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ gbé jáde sọ pé ọtí tí a bá dà sí ohun tó ń hó tí a sì sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, 85 nínú 100 rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òtítọ́ ni pé kò pọ̀: ṣíbí ńlá 2 rọ́ọ̀mù jẹ́ mìlílítà 30, bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 40 nínú 100, ojúlówó ọtí inú rẹ̀ jẹ́ mìlílítà 12. Ìgò bíà ńlá kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 ní mìlílítà 30. Odidi àwo fọ́ọ̀jì kò tó ààbọ̀ ìgò bíà. Ẹyọ kan kò lè pa àgbàlagbà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí kì í fi ìgò bíà wọn ẹ̀sìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti fi ìnira jáwọ́ nínú ọtí mímu, tí ìtọ́wò kékeré kan lè dá padà sí ọ̀nà. Aboyún wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀. Alásè tó bá sọ pé “kékeré ni, wọn ò ní mọ̀” ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìpinnu tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ se é lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ pín in sí abọ́ méjì kí ìgò tó ṣí. Abọ́ kan ni ọtí yóò wọ̀, ìdajì iye tí a kọ sókè: rọ́ọ̀mù ṣíbí ńlá 1, tàbí Baileys ṣíbí ńlá 2. Sínú èkejì, ẹ rẹ́ èèpo ọsàn díẹ̀, tàbí kí ẹ fi kọfí tó ki dáadáa ṣíbí ńlá 1. Ẹ má fi fànílà olómi sí àwo kejì yìí láìkọ́kọ́ ka ara ìgò rẹ̀. Ojúlówó fànílà olómi máa ń ní ọtí nínú ju bíà lọ fíìfíì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ alásè tó ní ọkàn rere ti ń ṣì í. Ṣíbí ọ̀tọ̀, ọ̀bẹ ọ̀tọ̀. Ẹ gé èyí tí kò ní ọtí ní igun mẹ́rin, kí ẹ gé èyí tó ní ọtí ní igun mẹ́ta, kí ẹ sì tẹ ẹ̀pà yíyan kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn lórí. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde kí ọwọ́ tó nà: “Alhaja, èyí ní ọtí nínú o. Tiyín nìyí, ọsàn ni mo fi sí i.” Ẹni tó ń sè é tà fún ìgbéyàwó, kó kọ ọ́ sára páálí gàdàgbà.

Irú ọtí wo? Èyí tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí wọ́n rà níbi tí wọ́n mọ̀. Àwọn kan lè fẹ́ fi ògógóró dán an wò, ó ṣe tán, tiwa-n-tiwa ni. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀ kò yẹ ní oúnjẹ. Ní ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú. Ẹnu kò lè mọ mẹ́tánọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ọtí gidi, ṣúgà inú fọ́ọ̀jì á sì tún bò ó mọ́lẹ̀.

Fún ilé tí owó ṣokoléètì kò bá sí, àwọn ará Brazil ní èyí tí wọ́n ń pè ní brigadeiro: agolo mílíìkì kan náà, ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí ńlá 4, bọ́tà ṣíbí ńlá 1, lórí iná kékeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ máa rò ó títí ìdí ìkòkò yóò fi máa hàn bí ṣíbí bá kọjá. Ọtí tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ṣíbí ńlá 1 tó. Kì í le tó láti gé. Ẹ fi bọ́tà pa ọwọ́, kí ẹ yí i ní róbótó.

Ọ̀rá kòkó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀sán Èkó kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Ẹ má gbé fọ́ọ̀jì jáde kí ìrẹsì tó tán. Nínú ike tó dé pa, ó lè lo ọ̀sẹ̀ 2 nínú fìríìjì. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ kà á sí ọ̀sẹ̀ 1. Nínú fírísà, ẹ fi bébà sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, yóò lo oṣù 2, kí ẹ sì kọ “ọtí wà nínú rẹ̀” sórí ike náà pẹ̀lú bírò tí omi kò lè pa rẹ́.