Ta ló pa sinimá inú mọ́tò? Ẹ bi ilẹ̀ léèrè

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń wo àwòrán ilẹ̀ láti òkè lórí Google Earth. Iṣẹ́ ilé ìwé ni o, kì í ṣe eré: mò ń kọ́ bí èèyàn ṣe lè fi àwọ̀ koríko mọ irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìlú kékeré kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ni mò ń yẹ̀ wò, ni mo bá rí ohun kan tí kò yé mi. Láàárín igbó, àwọn ìlà kan tẹ̀ bí òṣùmàrè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà ní láàbù ní oko ìrẹsì ni. Oko ìrẹsì ní Pennsylvania kẹ̀? A rẹ́rìn-ín, a sì wá a títí a fi mọ ohun tó jẹ́. Drive-in ni, èyí tí wọ́n ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ló ń jẹ́ drive-in? Pápá ńlá ni, tí wọ́n gbé ògiri funfun gíga kan dúró sí iwájú rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ó wa mọ́tò yín wọlé, ẹ ó páàkì, ẹ ó jókòó sínú ẹ̀, ẹ ó máa wo fíìmù lára ògiri náà. Ẹ lè wọ aṣọ ilé wá. Ẹ lè gbé ọmọ ọwọ́ dání, tó bá sunkún, kò sí ẹni tó máa bojú wẹ̀yìn wò yín.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń lọ wo àwókù drive-in pọ̀ gan-an. Wọ́n á ya fọ́tò ògiri tó ti ya àti òpó tó ti dípẹtà, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ló pa á. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́rìí ni àwọn àwókù yìí, kì í ṣe ohun tá a kàn ń ya fọ́tò rẹ̀ lásán. Tá a bá mọ bí a ṣe ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀, ìtàn míì ló máa sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí ilẹ̀ náà ṣe di òṣùmàrè. Richard Hollingshead ló kọ́kọ́ ṣí drive-in, ní Camden, New Jersey, lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1933. Àyíká ilé rẹ̀ ló ti dán an wò. Ó ta aṣọ funfun mọ́ igi, ó gbé ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù jáde lé iwájú mọ́tò rẹ̀, ó sì gbé rédíò sẹ́yìn aṣọ. Ó tiẹ̀ tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bomi rin koríko kó lè mọ bó ṣe máa rí tí òjò bá ń rọ̀. Àmọ́ wàhálà kan wà: tí mọ́tò bá wà níwájú mọ́tò, kí ni ẹni ẹ̀yìn máa rí? Òrùlé mọ́tò tó wà níwájú ni. Ló bá ń ki nǹkan bọ abẹ́ táyà iwájú, díẹ̀díẹ̀, títí imú mọ́tò fi yọ sókè débi tí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ lè wo orí ẹlòmíì kọjá.

Bí wọ́n ṣe wá ń kọ ebè nìyẹn. Ebè gígùn, bí ebè oko, àmọ́ tó tẹ̀ yí ògiri ká kí gbogbo mọ́tò lè kọjú sí i. Imú mọ́tò á gun orí ebè, ìdí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Poro wà láàárín ebè kan sí èkejì, ibẹ̀ ni mọ́tò ń gbà wọlé jáde. Láti ebè kan sí èkejì máa ń tó bíi mítà 12.

Ìró náà fi àmì sílẹ̀. Ní Camden, iwájú lẹ́bàá ògiri ni wọ́n kó sípíkà sí. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan: ìró ń rin bíi mítà 340 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan. Tí mọ́tò yín bá wà ní mítà 120 sí ògiri, ìró máa lò ju ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ́kọ́ńdù lọ kó tó dé etí yín, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ti dé lójú ẹsẹ̀. Òṣèré á ti panu dé kí ẹ tó gbọ́ ohun tó sọ. Ní àwọn ọdún 1940, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sípíkà kékeré kọ́ sára òpó, òpó kan fún mọ́tò méjì, wọ́n sì ri wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, rédíò FM gba iṣẹ́ náà. Nítorí náà, tí ẹ bá rí kùkùté òpó irin lórí ebè, ẹ kà á, ẹ sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iye mọ́tò tó ń wá síbẹ̀.

Kí ló dé tí ebè yìí kò parẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún? Ilẹ̀ tó dáa ní ihò wẹ́wẹ́ nínú. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò ń gbà wọlẹ̀. Táyà ti tẹ ilẹ̀ drive-in pa, òkúta wẹ́wẹ́ sì tún wà lórí ẹ̀, ihò náà dí. Tí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn kúrò lórí ebè lọ sínú poro. Koríko inú poro á tutù yọ̀yọ̀, tí orí ebè á máa pọ́n tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Ẹni tó dúró sínú igbó náà lè má rí nǹkan kan. Ẹni tó ń wò ó láti òkè ló máa rí òṣùmàrè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá ẹjọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lọ́dún 1950, nínú ilé 10 ní Amẹ́ríkà, kò tó ilé 1 tó ní tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó fi máa di 1958, wọ́n ti ju ilé 8 lọ nínú 10. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan ló pa drive-in, ó yẹ kí wọ́n ti máa sin ín lọ́dún yẹn. Àmọ́ ní 1958 gan-an ni drive-in pọ̀ jù lọ, wọ́n ju 4,000 lọ! Àwọn méjèèjì jọ dàgbà ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ta wá ni ọ̀daràn? Google Earth ní àwòrán àtijọ́ tí ẹ lè fà sẹ́yìn ní ọdún dé ọdún. Mo wá ibi tí drive-in wà tẹ́lẹ̀, mo ń wo ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Ní ibi púpọ̀, kò sí ebè, kò sí òpó, kò sí ògiri. Ilé ìtajà ńlá ló wà níbẹ̀, tàbí ilé ìkẹ́rùsí, tàbí àwọn ilé gbígbé tó tò rẹrẹ. Ẹ̀yìn ìlú tí ilẹ̀ ti pọ́ọ́kú ni wọ́n kọ́ drive-in sí. Ìlú wá bá wọn níbẹ̀. Ilẹ̀ tó gba ọgọ́rùn-ún mọ́tò lọ́nà mẹ́rin, tó jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ lálẹ́ ló fi ń pawó, tó sì ń sinmi nígbà òtútù, báwo ló ṣe fẹ́ bá ilé ìtajà tó ń ṣí látàárọ̀ dalẹ́ du ilẹ̀? Iná ìlú tún ń tàn sára ògiri, àwòrán á ṣì. Láti 1967, òfin kan ní kí wọ́n máa sún aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, àfi ìpínlẹ̀ tó bá yọ ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn ń wọ̀ ní bíi aago méje tọdún tọdún. Lọ́dọ̀ wọn, oòrùn oṣù kẹfà lè wọ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ lálẹ́. Ìgbà wo ni fíìmù fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ìgbà wo làwọn ọmọ fẹ́ sùn?

Mi ò sọ pé ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n àti fídíò mọ́ o. Wọ́n wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọn ò nìkan ṣe é.

Ibi tí mo ti bá ara mi wí nìyí. Òṣùmàrè mẹ́wàá tí mo rí yẹn, kí ló dé tó ṣì wà? Torí pé kò tíì sẹ́ni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà ni. Èyí tí owó ilẹ̀ pa kì í fi òkú sílẹ̀. Tó bá jẹ́ àwókù nìkan lẹ̀ ń wò, àwọn tó kú síbi tí ilẹ̀ ò ti lówó lórí nìkan lẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé bí gbogbo wọn ṣe kú nìyẹn. Àṣìṣe yìí pọ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì: ká fi ohun tó ṣẹ́ kù ṣe ìdájọ́ ohun tó ti lọ. Kò sí bí fọ́tò ògiri tó ya ṣe dáa tó, kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán àtijọ́ ló lè gbà yín.

Ìdí míì tí mi ò fi gbà kéèyàn máa fo ọgbà wọlé nìyẹn. Àwọn ògiri míì, páànù tí wọ́n fi asbestos pò mọ́ símẹ́ńtì ni wọ́n fi bò ó. Tó bá fọ́, eruku rẹ̀ lè dá àrùn sínú ẹ̀dọ̀fóró tó máa fi ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sá pamọ́. Kò sí fọ́tò tó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ́ kù ò pọ̀, bíi 300 ni. Èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1934 ní Orefield, ní Pennsylvania kan náà, ìyẹn Shankweiler's, ṣì ń ṣe fíìmù.

Kí ló kan àwa níbẹ̀? Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Súngbọ́ wà, yàrà àti ògiri iyẹ̀pẹ̀ tó gùn tó bíi kìlómítà 160, tó ga tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ilé àti títì ti gorí apá kan rẹ̀. Èyí tá à ń rí lónìí ni èyí tí katakata ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan máa rò pé inú igbó ni wọ́n kọ́ ọ sí. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn lè ṣí àwòrán ilẹ̀ náà lónìí. Ẹ ṣí i, ẹ fà á sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún tó wà lórí ẹ̀. Torí lọ́dún tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwòrán yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù.