Kí ẹ tó bú mi lórí ọ̀rọ̀ ológbò yìí

Láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò Àdùkẹ́ síbí lẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "PhD ò tíì parí, o ti ń ra ológbò olówó gọbọi!" Màmá mi gan-an, nígbà tí wọ́n rí i lórí fídíò WhatsApp, wọ́n ní, "Ológbò kẹ̀? Nínú yàrá tí o ń sùn? Ṣeun, ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Ó yá, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi.

Òótọ́ ni, owó ẹ̀ pọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tu ú jọ, mi ò sì fọwọ́ kan owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀rẹ́ mi kan ra tiẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú níbi ìgbọ́kọ̀sí kan. Kò rí ìyá ẹ̀, kò rí ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú, owó dókítà ẹranko sì ti ju owó tó fi rà á lọ. Mo bá a sunkún, kì í ṣe àwàdà.

Ẹni tí mo ra Àdùkẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ wá sílé òun lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ìyá ẹ̀, mo rí àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ tí wọ́n ń sáré nínú kíṣìnì láàárín ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ àti àwọn ọmọdé. Ìdí wà níbẹ̀. Láwọn ọdún 1980, Eileen Karsh ní Yunifásítì Temple, Amẹ́ríkà, rí i pé ọmọ ológbò tí èèyàn bá ń gbé mọ́ra láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ló máa ń sún mọ́ èèyàn jù. Ìyẹn ni pé kó tó dọ́wọ́ wa, iṣẹ́ tó tóbi jù ti parí tàbí ti bàjẹ́. GCCF, ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ ológbò tó ní ìwé ìran sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì láti 1910, ní kó pé ọ̀sẹ̀ 13 kó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ sá fún un.

Èmi náà ṣàṣìṣe. Ọjọ́ tó dé, èèyàn márùn-ún ti wá láti Mulhuddart àti Tyrrelstown wá wò ó. Ó bá sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ méjì gbáko. Mo lé gbogbo wọn lọ (ẹ má bínú o). Yàrá kan ṣoṣo ni mo fún un: omi, oúnjẹ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, ike oníyẹ̀pẹ̀ tó ń yàgbẹ́ sí, àti aṣọ tó ní òórùn ìyá ẹ̀. Mi ò fà á jáde. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń ka thesis mi sókè. Lóru ọjọ́ kẹta, ó wá jókòó lé orí ìwé náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àlejò ń wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwa náà mọ èyí. Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Nígbà tí mo dé Corduff, kì í ṣe òde àríyá lẹ kọ́kọ́ mú mi lọ. Ẹ fún mi ní yàrá, ẹ fi bọ́ọ̀sì hàn mí, ẹ sọ ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ ní Blanchardstown, ẹ wá fi mí sílẹ̀ kí n sùn. Kí ló dé tí ẹranko ò níí rí irú ẹ̀ gbà?

Nítorí náà, èrò mi rèé. Tí onílé yín ò bá tíì kọ ọ́ síwèé pé òun gbà, ẹ má rà á. Tí ẹ ò bá lè dúró, ẹ má rà á. Tí owó ò bá tó, DSPCA ti wà ní Dublin láti 1840, àwọn ológbò tó ń wá ilé wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má sì gbé òdòdó lílì wá sílé mi mọ́, ó ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ wá kí Àdùkẹ́, kó dá wá. Màmá mi ti ń béèrè ẹ̀ báyìí kí wọ́n tó béèrè thesis.