Ojúde Kan, Ẹgbẹ́ Rẹpẹtẹ

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹsẹ̀ kì í gbèrò lójúde ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ kan á yọ nínú aṣọ òfì aláwọ̀ kan náà, gèlè á ga fíofío, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn á pọ́n lọ́rùn, onílù á ṣíwájú. Wọ́n á jó dé iwájú Ọba, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba àdúrà tán, wọ́n á yà fún ẹgbẹ́ tó kàn.

Ẹni tó bá gbà pé ẹgbẹ́ kéékèèké ló ń tú ìlú ká, kó wá síbẹ̀ wá wòran.

Àwọn Mùsùlùmí ló dá ọdún Ojúde Ọba yìí sílẹ̀, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó jẹ́ kí wọ́n rí àyè sin Ọlọ́run wọn. Lónìí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti oníṣẹ̀ṣe ń ránṣọ dè é. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló fa èyí. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí àtijọ́ ni, Ọba Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tó jọba láti 1960 títí di 2025, ló sì jí i dìde. Ọgbọ́n ibẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe pín in: wọn kò pín in ní ìdílé, wọn kò pín in ní ẹ̀sìn. Ọmọ ilé Balógun kan lè máa gẹṣin lọ́jọ́ ọdún pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kí òun àti ọmọ lémọ́mù sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà torí pé ìgbà kan náà ni wọ́n bí wọn. Bí ilé méjì bá ń jà, ẹnìkan á ṣáà wà tó ní ẹlẹgbẹ́ lódìkejì, tó lè bá wọn pẹ̀tù sí i.

Àwọn kan ń ráhùn pé ẹgbẹ́ ń fi aṣọ bára wọn díje. Kí wọ́n máa díje lọ, fàájì Ìjẹ̀bú ṣáà ni! Ohun tó yẹ kó kọni lóminú ni owó aṣọ náà. Mẹkáníìkì tí kò rówó òfì àti bàtà rà á jókòó sílé, bẹ́ẹ̀ òun àti ọ̀gá báńkì tó ń jó níwájú jọ ṣe kíláàsì kan ni. Ìyẹn ti di pé àpò ló ń yan ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí mọ́. Fìlà kan tàbí ìborùn kan tó láti fi mọ ọmọ ẹgbẹ́. Kí kálukú wọ èyí tó bá ní sábẹ́ rẹ̀, kó sì tò sẹ́yìn onílù.