Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Pa Ẹnu Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ọkàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbà wa ní Ṣómólú àti Bárígà:

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ariwo ẹ̀rọ yìí, Màmá ò rí oorun sùn." Ọ̀pọ̀ yín ló ti sọ ọ́ rí. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, ẹnìkan bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, mo sì pa á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìlù ọkàn ìyá náà ti wálẹ̀ sí 38 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ ò sì ké. Ọmọ rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án, tó rí i pé òógùn tútù ti bò ó, ló jẹ́ ká tètè mọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ọkàn àgbàlagbà tó wà ní ìsinmi máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti ìkókó lè ju 120 lọ. Mọ́nítọ̀ ò mọ ìyàtọ̀. Àwa nọ́ọ̀sì la máa sọ fún un pé: tó bá wálẹ̀ dé ibí, tàbí tó gòkè kọjá ibí, kó ké. Bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol, ọkàn rẹ̀ lè máa lù ní 55 láìsí wàhálà. Tí a bá fi ààlà rẹ̀ sí 60, ẹ̀rọ á máa ké mọ́jú. Ajá tó ń gbó gbogbo ẹni tó ń kọjá, lọ́jọ́ tí olè bá dé, onílé ò ní dìde.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, Joint Commission, àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, kéde pé láàárín ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ 98 tó jẹ mọ́ áláàmù ló dé etí wọn. 80 nínú rẹ̀ já sí ikú.

Èrò tèmi ni pé pípa ẹnu ẹ̀rọ kì í ṣe àánú. Ká tún ààlà ṣe fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an, pẹ̀lú àṣẹ dókítà, ká sì pààrọ̀ àlẹ̀mọ́ àyà tó ti gbẹ: ìyẹn ló ń dín ariwo kù. Iṣẹ́ àwa nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ẹ bi wá pé: "Nọ́ọ̀sì, iye wo lẹ fi ààlà Màmá sí?" Kò sí àrífín níbẹ̀. Tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ kú, ẹ tètè pè wá, ká fi ìka ka ìlù ọkàn rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. A ò ní rí àìsàn o.