Owó Ibùsùn Ọjọ́ Kan Kò Pọ̀ Jù fún Òkè Ìdànrè

Ọ̀rọ̀ Òkè Ìdànrè tí a fẹ́ lọ wò ní oṣù Kejìlá ti ń di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní kí ọkọ̀ gbéra ní Ọ̀fà ní ìdájí, kí a gun òkè, kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà, kí owó ibùsùn lè kù sápò ẹgbẹ́. Àwa kò fara mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Kí a tó gba Òṣogbo, Iléṣà àti Àkúrẹ́ kọjá, kí a tó dúró jẹun, oòrùn á ti kan àtàrí. Àtẹ̀gùn tí a ó gùn lé ní 600, orí àpáta ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Kì í ṣe pé ó ga jù. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, ga tó mítà 2,419. Ìdànrè kò tó ìdajì rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán àti ìkánjú ló ń ṣe èèyàn léṣe níbẹ̀.

Ẹ ò tíì gbàgbé ìrìn wa àkọ́kọ́. Ìyá kan nínú wa, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru, kò fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi òun ṣẹ̀sín. Kò sọ pé ó rẹ òun títí òòyì fi gbé e. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ Ìdànrè tó ń mú wa lọ, òun ló gbé e síbi ìsinmi, tó bu omi sí i lórí. Omi tiwa ti tán. Ìtìjú wa nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ni wá, ìjàkadì la mọ̀, ṣùgbọ́n a kì í bá òkè jìjàkadì. Ẹni tó bá rẹ̀, kó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ padà, kí ẹnì kejì bá a padà, kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́rìn-ín.

Àbá wa ni pé kí a sùn ní Ìdànrè, kí a sì gòkè láàárọ̀. Kí oníkálukú gbé omi tirẹ̀, kó sì wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó bi dókítà kó tó san owó ọkọ̀. Bí òjò bá rọ̀, a ò gùn, àpáta á yọ̀.

Ẹ rántí pé ìlú àwọn ènìyàn ni orí òkè náà. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ àti ojúbọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ sára àpáta, ẹ má wọ ojúbọ láìgbàṣẹ. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà tó bá wa gòkè, kó bá wa sọ̀ kalẹ̀.

Owó ẹgbẹ́ ṣe iyebíye, àwa náà la ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n owó tí a bá fi pa mọ́ nídìí ibùsùn, ilé ìwòsàn lè gba ìlọ́po rẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ fọwọ́ sí owó ibùsùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.